Ìwé Tí Baldomero Polówó fún Ọdún Méjìlélógún

Baldomero Cañizares á fa aṣọ ìnujú yọ nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, á ká a sí ọ̀nà mẹ́rin, á tẹ́ ẹ sórí pákó iṣẹ́ rẹ̀, á sì rọra gbé ọ̀bẹ rẹ̀ lé e lórí bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun. Ọ̀bẹ náà kò gbọdọ̀ dún. Ní ilé-iṣẹ́ tábà tí wọ́n wà ní ìlú Cabaiguán ní Cuba, bí òǹkàwé, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kàwé sókè fún àwọn òṣìṣẹ́, bá ka ìwé dé ibi tó dùn, gbogbo àwọn tó ń wé tábà á fi ọ̀bẹ wọn gbá pákó, kọ́-kọ́-kọ́. Ìyìn wọn nìyẹn. Baldomero kò fẹ́ kí ọ̀bẹ tirẹ̀ ṣèèṣì bọ́ lọ́wọ́ òun, kó lọ yin ìwé tí òun kò dìbò fún.

Ọjọ́ kan wà tí aṣọ ìnujú kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ti dìbò tán, ìtàn ìfẹ́ ló sì wọlé, ìtàn dókítà kan tó ń fẹ́ ìbejì méjèèjì láìmọ̀ pé èèyàn méjì ni wọ́n. Baldomero dìde. Ó gbé pákó rẹ̀, ó kó ewé tábà rẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ kejì wọ́ àga rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ̀ ń lọ?" Zoraida Echemendía ló béèrè. Ẹ̀yìn Baldomero gan-an ló máa ń jókòó sí, òun ló sì dábàá ìwé dókítà.

"Mò ń lọ síbi tí etí mi ò ti ní í bàjẹ́."

"Oòrùn mú níta o."

"Oòrùn kì í ka ìsọkúsọ síni létí."

Ó tẹ̀dó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́ fèrèsé ńlá, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Amparo Lescaille, òǹkàwé, gun orí pèpéle rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí dókítà ń kan ilẹ̀kùn tí kò yẹ kó kàn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fẹ́. Apá kan na wọlé láti ojú fèrèsé, ó gbá igi fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì. "Gbé ohùn sókè díẹ̀, ọmọ mi," ni Baldomero wí. "A ò gbọ́ ọ níbí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níta. Lójoojúmọ́ ló ń yọ orí wọlé láti bínú sí dókítà náà: ta ló fún un ní ìwé ẹ̀rí, ọkùnrin tí kò mọ ara kan yàtọ̀ sí èkejì, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa yẹ inú èèyàn wò? Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ gbẹ ewé rẹ̀ débi pé ó ń fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé pákó padà sínú gbọ̀ngàn. Ó ní nítorí tábà ni, kì í ṣe nítorí ìtàn. Ìtàn ṣẹ́ ku orí méjì péré.

Amparo kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí kò bá ti sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Láti orí pèpéle, gbogbo wọn ló ń rí, àádọ́rin èèyàn àti márùn-ún, orí wọn tẹ̀ ba lórí ewé. Bí ìwé kan bá parí, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé tó fẹ́ràn á dìde, á polówó rẹ̀ níwájú gbogbo ilé, wọn á sì nawọ́ sókè láti dìbò. Fún ọdún méjìlélógún, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní ta ló kàn, Baldomero ló ń kọ́kọ́ dìde. Ìwé kan náà ló sì ń dábàá: ìtàn opó kan tó ń tukọ̀ gbé èèyàn sọdá odò, tó gbé adẹ́tẹ̀, tó gbé olè, tó gbé àlùfáà tó jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n tó kọ̀ láti gbé gómìnà. Ohun kan ṣoṣo tí Baldomero ń fẹ́ láyé ni kí wọ́n ka ìwé yẹn nínú gbọ̀ngàn yẹn kí òun tó fẹ̀yìntì. Ìgbà tó rí ìbò jù, mọ́kàndínlógún péré ló ní.

Bí ó ṣe ń polówó rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Ẹlòmíràn á ní, "Ìwé yìí dùn, ẹ máa rẹ́rìn-ín." Baldomero á bojú wo gbogbo ilé, á ní, "Mo mọ̀ pé ó ju agbára yín lọ." Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí wọ́n dìbò.

Àṣejù rẹ̀ kò mọ sí ibi iṣẹ́. Kì í kí èèyàn kó tó béèrè pé, "Kí lẹ̀ ń kà?" Láàárọ̀ ọjọ́ kan lórí ìlà búrẹ́dì, ó bi ọ̀dọ́kùnrin tó wà níwájú rẹ̀, Casto, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ tábà.

"Mi ò ka nǹkan kan báyìí, bàbá."

"Nǹkan kan?"

"Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè."

"Èmi náà ń ṣiṣẹ́. Ẹṣin ń ṣiṣẹ́. Bọ́ sẹ́yìn."

"Bàbá, búrẹ́dì ni mo wá rà."

"Ẹni tó ń ka nǹkan ní ibi tó kù sí, ó fẹ́ yára padà délé. Kí ni ìwọ ń yára fún?" Ó yíjú sẹ́yìn. "Ìyá yẹn, kí lẹ̀ ń kà?" Obìnrin náà ní òun ń ka ìwé kan nípa àwọn awakùsà, òun sì ti dé ìdajì. Baldomero fi í síwájú Casto. Kí ìlà tó dé orí tábìlì, èèyàn mẹ́sàn-án ló ti gbà síwájú, méjì nínú wọn sì ń purọ́. Búrẹ́dì tán kó tó kan Casto. Ó tán kó tó kan Baldomero náà.

Nígbà tí Arquímedes Toledo kú, tí òun náà ń wé tábà, wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀ rẹ̀, gbogbo ilé-iṣẹ́ sì lọ bá ìyàwó rẹ̀, Obdulia, jókòó ní ọ̀sán. Baldomero wọlé, àkẹtẹ̀ lọ́wọ́. Kò sunkún. Ó ń bínú.

"Ọjọ́ wo ló wá ibi iṣẹ́ kẹ́yìn?" ló bi Obdulia.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọn ò tíì rí ìbaaka náà." Ìtàn tí Amparo ń kà nígbà náà ni ti ọmọ ìyá mẹ́ta tó ń wá ìbaaka tó ru wúrà wọn lọ, Ọjọ́bọ̀ ló sì parí. Baldomero fa àga sún mọ́ pósí. "Ìwà ìkà ni kí wọ́n mú èèyàn lọ báyìí. Ṣé wọn ò lè dúró ọjọ́ méjì? Arquímedes, fetí sílẹ̀." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìyókù fún òkú.

Àwọn tó wà níta wọlé, àwọn tó wà lórí ìdúró wá ibi jókòó. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. "Bàbá, ẹ ti fo ibi tí afárá ti já."

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀."

"Afárá ló ṣáájú o."

"Ṣé ìwọ ni mò ń sọ ọ́ fún?"

Ó padà sọ ti afárá. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti rí ìbaaka náà ní ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, Obdulia, tó ti ń sunkún láti àárọ̀, gbé àwo kọfí kalẹ̀ gbàgà. "Mo mọ̀," ó ní. "Mo sọ fún Arquímedes pé ẹ̀gbọ́n yẹn lolè, ó ní mi ò mọ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn Amparo. Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Baldomero nídìí pákó rẹ̀, ó ní kó yá òun ní ìwé opó atukọ̀, kí òun lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ìbò tó kàn tó dé. Kò sí òǹkàwé tó tíì béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Baldomero gbé e wá ní ọjọ́ kejì, ó fi aṣọ wé e. Ìwé àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ láìla ojú ìwé rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó bá rà á ni yóò fi ọ̀bẹ là á bó ṣe ń kà á lọ. Amparo ṣí i. Ojú ìwé kìíní dé ọgọ́sàn-án lé mẹ́jọ ti là. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ṣì lẹ̀ pọ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ó ro ti ọdún méjìlélógún. Ó ro gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yìí dúró níwájú gbogbo ilé, tó ń sọ pé ìparí ìwé náà dùn ju oyin lọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun nìkan ló lọ bi í, nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun ọ̀sán. Baldomero wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ míì ni, lápá ibòmíràn. Òǹkàwé wa ń ka ìwé yìí. Gómìnà dúró ní èbúté pẹ̀lú sójà mẹ́fà, opó náà jókòó sínú ọkọ̀, ó ń jẹ ọsàn. Òǹkàwé pa ìwé dé, ó ní ó di ọ̀la. Lóru yẹn ni ìjì gbé òrùlé ilé-iṣẹ́ lọ. Wọn ò tún ṣí i mọ́. Òǹkàwé lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Ibi tó kà dé ni mo là á dé."

"Ṣùgbọ́n ẹ ti wá rí ìwé náà rà, bàbá. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ yín ní gbogbo ọjọ́ ayé."

"Kí n wá fi ojú kà á?" Inú ti bí i. "Kí n dá jókòó sínú yàrá, bí ẹni ń jẹ ẹran jíjí? Ìwé tí èèyàn dá fi ojú kà, wíwò ló wò ó. Ta ló máa gbá pákó? Ta ló máa pe opó náà ní òmùgọ̀ kí n lè dá a lóhùn?"

Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀lé e, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ní eruku ewé ti tó, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Nígbà tí ìbò oṣù kẹrin dé, Baldomero polówó ìwé rẹ̀, ó bú wọn bó ṣe máa ń bú wọn, Amparo ní kí wọ́n nawọ́. Ọwọ́ mẹ́rìndínláàádọ́rin ló lọ sókè. Baldomero yíjú yípo, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀."

"Kí ló dé, bàbá?" ni Amparo béèrè.

"Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ikọ́ mi ni wọ́n dìbò fún." Ó tọ́ka sí ọ̀dọ́kùnrin ìlà búrẹ́dì. "Casto, kí ló wù ọ́ nínú ìwé náà?"

"Ó... ìwé dáadáa ni, bàbá."

"Omi náà dáadáa. Ṣé o máa dìbò fún omi?" Ó yíjú sí Amparo. "Tún un dì. Kí ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ má fẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe."

Orí wọn gbóná. Wọ́n ṣàánú èèyàn, ó tún ń bú wọn. Wọ́n tún ìbò dì láàárín ìwé opó àti ìwé kan nípa olè tó kó báńkì. Mẹ́tàdínlógójì fún opó, mẹ́tàdínlógójì fún olè. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì nawọ́. Gbogbo ilé kọjú sí i.

Baldomero Cañizares nawọ́ fún olè.

Amparo kọ èsì náà sílẹ̀, kálámù fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já. Ó dúró dè é lẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́. "Ṣé ẹ fẹ́ lọ láìmọ bó ṣe parí ni?" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe rò lọ.

"Má bínú sí mi, ọmọ mi. Ìwé tí wọ́n bá fi àánú kà, àánú ni wọ́n máa gbọ́."

"Ẹ̀yin náà lẹ fi ọwọ́ ara yín pa á."

"Ọwọ́ mi ni."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ka ìwé olè. Nígbà tó parí, ó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí Baldomero fi iṣẹ́ sílẹ̀. Amparo béèrè ta ló ní ìwé tó fẹ́ dábàá. Baldomero ti ń gbé ara rẹ̀ dìde, àmọ́ ẹnì kan ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Zoraida ni.

"Èmi ò fẹ́ràn ìwé opó yìí rí," ó ní. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà tí mo lóyún, mo kórìíra rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ń gbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n ń sọ fún wa pé obìnrin náà ò gbé gómìnà. Kò sọ ìdí rẹ̀ rí, èébú ló máa ń sọ. Ó ti sú mi kí n máa bá ohun tí mi ò mọ̀ ṣọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á, kí n mọ ohun tí mo kórìíra."

"Kì í ṣe ìdí tí wọ́n fi ń ka ìwé nìyẹn," ni Baldomero wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń ta ko ìwé yín ni?"

Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó jókòó. Mẹ́rìnlélógójì nawọ́ fún opó, mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ̀ ọ́, gbogbo àwọn tó kọ̀ ọ́ sì ń pariwo pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Baldomero gbọ́ ariwo náà, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ìbò gidi nìyẹn.

Amparo kà á. Kó lè parí kí oṣù tó pé, gbogbo ilé fi ìdajì wákàtí tó máa ń fi ka ìwé ìròyìn fún wọn sílẹ̀ fún un. Nígbà tó ka ojú ìwé ọgọ́sàn-án lé mẹ́jọ tán, ó sọ̀kalẹ̀, ó gba ọ̀bẹ Zoraida, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ìyókù níwájú gbogbo wọn, ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀. Zoraida wo ọ̀bẹ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn orí ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìparí tí ẹ ní ó dùn ju oyin lọ ńkọ́?"

"Ó dùn," ni Baldomero wí, kò yíjú padà. "Mi ò tíì gbọ́ ọ ni."

Ó kú ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Cienfuegos. Àwọn ará Cabaiguán kì í sábà sọ ìyẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn ní oṣù kẹfà ni wọ́n ń sọ, nígbà tí Amparo ka ìwé náà tán.

Ní ìparí ìwé náà, wọ́n ti lé gómìnà kúrò lórí oyè. Òjò ń rọ̀, àwọn tó ń lépa rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Ó dé èbúté láìsí sójà kankan, bàtà rẹ̀ kan ti sọnù. Òun ló pàṣẹ ní ọjọ́sí pé kí ọkọ opó náà tukọ̀ nínú ìkún omi, ibẹ̀ lọkùnrin náà kú sí. Opó náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó sún ẹsẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, ó na igbá kan sí i, ó ní kó máa gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ọ̀bẹ kankan kò dún. Wọ́n ń dúró de ẹnì kan.

"Ó gbé e," ni Baldomero wí.

"Ó gbé e, bàbá."

"Bó ṣe wà níbẹ̀ lo ṣe kà á?"

"Bó ṣe wà níbẹ̀ ni."

Ó dìde, ó gun orí pèpéle, ohun tí kò ṣe rí, ó sì wọ awò ojú. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. "Mo bá èèyàn jà nítorí obìnrin yìí," ó ní. "Ọdún méjìlélógún. Mo ní kò lè gbé e láéláé. Mo fi ara mi dúró fún un."

"Èmi ì bá gbé e," ni Zoraida wí láti ìjókòó rẹ̀.

"Ìwọ á gbé e, wàá tún gbé oúnjẹ fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì tẹ ìka mọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn.

"Kò fún un ní ìjókòó?"

Amparo tẹjú mọ́ ìwé. "Wọn ò sọ ọ́."

"Igbá ló fún un."

"Igbá ni."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún sí etí ẹ̀wù. Ó sọ̀kalẹ̀, ó mú àkẹtẹ̀ rẹ̀ lórí ìṣó, ó sì jáde láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tó jáde ni ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọ̀kan, méjì, lẹ́yìn náà gbogbo ilé.

Amparo lọ sí ojú fèrèsé. Baldomero ti dé ìkóríta. Ọkùnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà ń ti ọmọlanke bọ̀, Baldomero sì dá a dúró. Amparo kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọkùnrin náà mi orí, ó fẹ́ máa lọ, Baldomero di etí ọmọlanke mú. Ó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọmọlanke níwájú wọn, Baldomero na apá rẹ̀ méjèèjì gbòòrò, ó ń fi bí odò náà ṣe fẹ̀ tó han ọkùnrin náà.